Ẹ jẹ́ ká yé fi "violent" yin ara wa

Ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó kọ "Amen" sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa gbé àwòrán báńà ìṣọ́ òru oṣù tó ń bọ̀ wá bá mi. Iṣẹ́ náà dára, iná ń jó lẹ́yìn, wọ́n fi fọ́tò mi síbẹ̀, èyí tí mo ti la ẹnu gbàgà. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà pé VIOLENT NIGHT. Mo ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wò mí bíi pé mo ti ń fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Daddy, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa." Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo kọ́ wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí síta, torí ohun tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ni lórí pẹpẹ, kò yẹ kí n máa tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Arábìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ti ka ohun tí mo kọ yìí, ó ní kí n gbé e síta, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìṣọ́ òru kan la ṣe lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Mátíù 11:12 la fi ṣe àkòrí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ẹsẹ náà, kò sí ìjọ Pentecostal tí kò tíì fi pariwo. A máa ń pín ìwé pélébé fún àwọn èèyàn kí wọ́n kọ ẹ̀rí tàbí ẹ̀bẹ̀ àdúrà sí i, àwọn usher á kó o wá bá mi lórí pẹpẹ, màá sì máa kà á jáde. Ọwọ́ mi ba ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo, kò sí orúkọ: My husband is violent.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kígbe "Halleluyah!" Mo ní, "Arábìnrin kan ń jẹ́rìí pé violent ni ọkọ òun! Irú ọkùnrin tí ìjọba ọ̀run ń wá nìyẹn! Ẹ̀yin ọkùnrin yòókù, ẹ ń sùn!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Onílù lu ìlù sí i. Àwọn ọkùnrin dìde, wọ́n ń janlẹ̀. Arábìnrin tó kọ ìwé náà jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ wà níwájú láàárín àwọn prayer warriors, òun náà ń pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ìyàwó mi mú un wá sí ọ́fíìsì mi. Apá rẹ̀ kan wà nínú POP. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ fún wa látọjọ́ yìí. Ó ní, "Daddy, mo sọ. Mo kọ ọ́. Ẹ kà á sókè, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ìyàwó mi ló dì í mú.

Ẹ wò ó, Gẹ̀ẹ́sì tí arábìnrin yẹn kọ, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ó lo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ kí wọ́n lò ó. Àwa tí a gbọ́ ọ la ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un kó tó kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi ké gbàjarè, a ti sọ ọ́ di oríkì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí kíláàsì díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti ṣe tíṣà rí kí Olúwa tó pè mí.

Violence ni ìwà ipá fúnra rẹ̀. Violent ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ irú ènìyàn tàbí irú nǹkan tó ní ìwà ipá nínú. Violently ni bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan náà. Bí ẹ bá gbọ́ "he is a violent man", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọkùnrin náà máa ń ṣe èèyàn léṣe, kì í ṣe pé ó ṣèèṣì lẹ́ẹ̀kan, ìwà rẹ̀ ni. "The protest turned violent", ìwọ́de náà ti di ìjà, òkò ti ń fò, wọ́n ti ń fọ́ gíláàsì. "He died a violent death", ọkùnrin náà kò kú sórí ibùsùn rẹ̀, wọ́n pa á ni, tàbí ìjàǹbá ló pa á. "A violent storm", ìjì tó ń ṣí òrùlé, tó ń wó igi. Kódà ikọ́ lè jẹ́ violent, ìyẹn ikọ́ tó ń gbo èèyàn jìgìjìgì. Ẹ wo gbogbo rẹ̀ dáadáa: nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan wà tó ń bàjẹ́ tàbí ara kan wà tó ń jìyà. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ "this brother is violent" kó sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní UK, tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ care, ẹ dán an wò. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín ní iṣẹ́ pé "I am a violent Christian", kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á tún jẹ́ kí ẹ wọ yàrá màmá arúgbó tí ẹ ń tọ́jú. Tàbí kí ọmọ yín lọ sọ fún tíṣà rẹ̀ pé my daddy is very violent on Fridays. Àdúrà ìṣọ́ òru lọmọ ń sọ o! Àmọ́ àwọn tó ń bójú tó ọmọdé á ti kan ilẹ̀kùn yín kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó ṣú. Wọn ò sì ṣe àṣìṣe. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n gbà á gbọ́. Ohun tó yẹ kí èmi náà ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Mo tún máa ń rí àwọn tó ń kọ "my husband is violence". Violent ni kí ẹ kọ. Àwọn kan ń sọ "he is violenting me", kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, "he is violent to me" ló tọ̀nà, tàbí kí ẹ kúkú sọ ọ́ ní gbangba, "he beats me". Violate tún yàtọ̀: kí wọ́n rú òfin, tàbí kí wọ́n tàbùkù ara ẹni. Ti violet kọ́ lẹ ń wí, àwọ̀ àlùkò nìyẹn. Ẹni tó ń bá wa tẹ ìwé ti tẹ VIOLET PRAYER fún wa rí, igba ẹ̀dà ló tẹ̀, a sì pín in bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá wà nínú wàhálà, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù àṣìkọ dá yín dúró. Kọ ọ́ ní Yorùbá, kọ ọ́ ní pidgin. A máa kà á.

Ẹlòmíì ti ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Pastor, Bíbélì ló sọ ọ́." Ó dáa. Ẹ ṣí Mátíù orí 11, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 12, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 2. Níbo ni Jòhánù wà? Ọgbà ẹ̀wọ̀n. Hẹ́rọ́dù ló fi í síbẹ̀, nígbà tí ẹ bá sì dé orí 14, ẹ máa rí orí ọkùnrin Ọlọ́run náà nínú àwo pẹrẹsẹ. Inú ọ̀rọ̀ Jòhánù yìí ni Jésù wà nígbà tó sọ pé láti ọjọ́ rẹ̀ wá ni ipá ti ń bá ìjọba ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni biastai. Inú bia ló ti jáde, ìtumọ̀ bia sì ni ipá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni biastai yìí jáde nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun. Àwọn tó mọ Gíríìkì kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní Jésù ń yin àwọn tó ń fi ìtara wọ ìjọba náà, wọ́n á sì tọ́ka sí Lúùkù 16:16. Àwọn mìíràn ní àwọn ọ̀tá ni Jésù ń sọ, irú Hẹ́rọ́dù tó ń lu ìjọba náà mọ́lẹ̀. Ẹ wo NIV. Ti 1984 gba ti àwọn àkọ́kọ́, ó ní ìjọba náà ń fi agbára tẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2011, wọ́n yí i padà, ó wá di pé àwọn oníwà ipá ló ń kọlù ú. Ẹsẹ kan náà, Bíbélì kan náà. Èmi ń tẹ̀ sí ti ìkejì, nítorí ẹ̀wọ̀n Jòhánù yẹn. Àmọ́ bí ẹ bá gba ti àkọ́kọ́, a kò ní jà. Ìjọba ọ̀run ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, kì í ṣe apá ìyàwó ilé.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde lódindi ní 1884, "alágbára" ló pe àwọn èèyàn yìí. Àwọn ìyá wa tó fi Yorùbá ka ẹsẹ náà, alágbára ni wọ́n rí. Alágbára kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Èèyàn lè lágbára kó gbé odó, kó má gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni láéláé. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo lórí pẹpẹ la lọ mú "the violent" inú King James, a yọ ọ́ kúrò nínú ẹsẹ, a fi sára fésìkáàpù.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tún wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:2, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì gan-an tí a fi ń jẹ́ orúkọ. Ìró ìjì tó kún ilé ọjọ́ yẹn, láti inú bia náà ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì rẹ̀ ti wá, NIV sì pè é ní violent wind. Mo fara mọ́ ọn, ìjì ni, ìjì lè jẹ́ violent. Ẹ sì wo yàrá òkè náà: Bíbélì kò sọ pé ẹnì kan ṣoṣo fara pa.

Ibi tó wá yẹ kó ká wa lára ni 1 Tímótì 3:3. Níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń ka irú ẹni tó lè jẹ́ alábòójútó ìjọ, NIV lo ọ̀rọ̀ violent yìí gan-an, ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. King James pe ẹni náà ní ẹni tó ń lu èèyàn. Ẹ gbọ́ o, ohun tí à ń fi yan olórí àdúrà, òun ni ìwé mímọ́ fi ń yọ èèyàn lórí oyè. Bí ìwọ pastor bá kọ ọ́ sí ara ọkọ̀ rẹ pé violent pastor, ìwé ìdádúrólẹ́nu-iṣẹ́ ara rẹ lo kọ yẹn.

Ẹ wá wo ìwà àgàbàgebè wa. Ọ̀rọ̀ tó le ní Gẹ̀ẹ́sì, à ń fi yin èèyàn. Nígbà tí ìwà náà bá wá ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, a ó wá Yorùbá tó rọ̀ fún un. "Ó tètè máa ń bínú." "Ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá." "Ará ilé wọn ló gbóná bẹ́ẹ̀." "Ó kàn bá a wí ni." Mo ti jókòó nínú ìpàdé àwọn àgbà ìjọ níbi tí a ti fi wákàtí méjì sọ gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwà ipá.

Ìbínú àti ìwà ipá kì í ṣe ọ̀kan náà. Inú ọkàn ni ìbínú wà, Bíbélì sì gbà pé èèyàn lè bínú láìṣẹ̀. Mo mọ abínúfùfù tí kò na ìyàwó rẹ̀ rí. Mo sì mọ àwọn tí ẹ ń pè ní abínú yìí: ọ̀gá wọn ń bú wọn lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́, wọn ò gbá ọ̀gá létí rí. Ọlọ́pàá dá wọn dúró lójú títì, wọ́n ń pe ọlọ́pàá ní "my oga". Ó di ilé kí ọwọ́ tó yá. Ìbínú wo ló mọ àdírẹ́sì tó bẹ́ẹ̀?

Òfin ilẹ̀ wa náà ti mọ ohun tó ń jẹ́ violence ju àwa lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ààbò lórí ìwà ipá inú ilé láti 2007. Ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP Act, jáde ní 2015. Nínú òfin VAPP yìí, ẹ̀ṣẹ́ nìkan kọ́ ni ìwà ipá. Kí èèyàn lé ẹnì kejì rẹ̀ jáde nílé tipátipá wà níbẹ̀, kó fi owó dè é mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, kó máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu fọ́ ọ lọ́kàn wà níbẹ̀. Òfin náà kò sì sọ pé ọkùnrin nìkan. Ìyàwó tó da omi gbígbóná sí ọkọ lára, violent ni òun náà, ẹ má fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí Osinachi Nwachukwu, akọrin ẹ̀mí tó bá Prospa Ochimana kọ orin Ekwueme. Kò sí ìjọ tí wọn kò ti kọ orin yẹn. Ó kú ní Abuja ní oṣù kẹrin 2022. Ní 2025 ilé ẹjọ́ gíga dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi lórí ikú rẹ̀. A fi ohùn obìnrin yẹn wọ ọ̀run lọ́jọ́ Sunday, ilé rẹ̀ kò sì rí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.

Mo mọ ohun tí àwọn prayer warriors mi máa sọ. "Daddy, ogun ni. Sátánì kì í gbọ́ pẹ̀lẹ́." Èmi náà gbà pé ogun ni. Mi ò ní kí ẹ máa gbàdúrà bí ẹni tó ń sùn. Ẹni tó bá wá sí ìṣọ́ òru wa mọ̀ pé mi ò tíì di tútù, ohùn mi ṣì ń há títí di Tuesday. Mo kàn ń ní kí ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀ ni. Jákọ́bù 5:16 nínú King James ní fervent. Ọ̀rọ̀ tó dára nìyẹn: ìtara, ìgbóná ọkàn. Ẹ lè sọ pé arákùnrin kan jẹ́ fervent, bold, earnest. Ní Yorùbá, onítara, onígboyà. Ẹ tún wo Hánà nínú Sámúẹ́lì kìíní. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde, Élì rò pé ó ti mutí yó. Ta ló gbàdúrà jù ú lọ nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà? Àlùfáà tó jókòó sórí àga kò mọ ohun tó ń rí. Mo máa ń ka ibẹ̀ yẹn, ojú máa ń tì mí, nítorí èmi náà ti jẹ́ Élì rí, kódà ti Élì sàn, òun béèrè.

Ẹ máa fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tọkọtaya yẹn. A yọ ọkùnrin náà nínú ẹgbẹ́ àdúrà, a sì tẹ̀ lé arábìnrin náà lọ fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé báyìí, apá ti san, àmọ́ kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Ọkọ bínú kúrò ní ìjọ wa. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti ń darí àdúrà ní ìjọ mìíràn, mo wá nọ́ńbà pastor ibẹ̀, mo pè é. Mo dárúkọ ọkùnrin náà. Pastor náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ah, that brother! Violent man!"

Mo ní, "Sir, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ẹ lò yẹn fún yín." A wà lórí fóònù fún bí ogójì ìṣẹ́jú.

Báńà tuntun ti jáde, àwọn ọ̀dọ́ náà ló tún un ṣe, wọ́n ti fi iná wọn síbẹ̀ padà, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. FERVENT NIGHT ló ń jẹ́, Friday kejì oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́. Ìwé pélébé ṣì máa wà. Àmọ́ wọn ò ní kó o wá sórí pẹpẹ mọ́, mi ò sì ní kà á sókè mọ́. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá àwọn ìyá, ọwọ́ Mummy ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń ṣí i, kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé.